Ọmọ Tí A Kò Pè Sí Ìpàdé: Ìkọ̀sílẹ̀ Òbí Nínú Ìwé Ìtàn Ìdàgbà

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àjọ̀dún àwùjọ Yorùbá nílùú Bouaké, Côte d'Ivoire

  Ìbà àwọn tó kọ́kọ́ ru ẹrù ọjà láti Èjìgbò ní Nàìjíríà àti àwọn ìlú tó yí i ká wọ ilẹ̀ yìí, tí àwọn onílé fi mọ ọmọ Yorùbá sí Ànàgó títí di òní olónìí.

Àkòrí tí àwọn olùṣètò yàn ni ìwé ìtàn àròsọ tó ń tẹ̀ lé ọmọ kan láti ìgbà èwe títí yóò fi dàgbà, nígbà tí ìgbéyàwó bàbá àti ìyá rẹ̀ ń tú ká lójú rẹ̀. Ìtàn ìdàgbà ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí yóò máa pe irú ìwé bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ elédè Jámánì ló kọ́kọ́ fún un lórúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí, ìyẹn Bildungsroman, ìwé Goethe tó jáde láàárín ọdún 1795 àti 1796 nípa ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Wilhelm Meister ni wọ́n sì máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀. Ohun tó ya ìtàn ìdàgbà sọ́tọ̀ kúrò lára ìtàn mìíràn ni pé ìṣẹ̀lẹ̀ ibẹ̀ lè má tó nǹkan lójú aráyé, nítorí pé inú ọkàn ọmọ náà ni ìrìn àjò gan-an ti ń wáyé: ohun tó gbà gbọ́ ní ọmọ ọdún mọ́kànlá kọ́ ni ohun tó mọ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ìwé náà sì ń fi bí ó ṣe kúrò níbi kan dé ibi kejì hàn.

Ní ti ìkọ̀sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà gbòòrò ju ìwé tí adájọ́ fọwọ́ sí lọ. Obìnrin lè kó ẹrù rẹ̀ padà sí ilé bàbá rẹ̀ láìsí ẹjọ́ kankan, kí àwọn ènìyàn máa pè é ní dálémosú, orúkọ tí a kì í fi ayọ̀ pe ẹnikẹ́ni. Ọkọ lè lọ dá ilé mìíràn sílẹ̀ nílùú mìíràn, kí owó oúnjẹ máa dín kù díẹ̀díẹ̀ títí tí kò fi ní wá mọ́. Lójú ọmọ, gbogbo rẹ̀ ló jọra: ilé tó ti jẹ́ ọ̀kan ti di méjì, ó sì di dandan kí ó mọ ibi tí òun yóò máa sùn.

Ìpàdé ẹbí àti ọmọ tó wà lẹ́yìn fèrèsé

Nígbà tí ìjà tọkọtaya bá le débi pé ó kọjá inú yàrá, ẹbí a péjọ. Ìyá ọkọ a wà níbẹ̀, àbúrò bàbá ìyàwó a wà níbẹ̀, alárinà tó mú wọn mọ ara wọn níjọ́sí a jókòó, wọn a sì ní kí àwọn ọmọ jáde lọ síta lọ ṣeré. Ìkà kọ́ ló ń mú Yorùbá ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí àgbà bá fi ìbínú sọ lè di ohun tí ọmọdé yóò gbé dé sàréè, àwọn baba ńlá sì gbà pé ààbò ni fún ọmọ kí etí rẹ̀ má gbọ́ gbogbo rẹ̀. Àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kì í ṣe ẹgbẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta. Ó dúró lẹ́yìn fèrèsé, ó gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀, ó sì fi ọkàn ara rẹ̀ parí ìdajì tó kù, ìdajì tó fi ọkàn rẹ̀ parí yìí ni yóò sì máa bá a gbé fún ọdún púpọ̀.

Òfin ìjọba pàápàá kò fi bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà, pàápàá jù lọ láàárín àwọn Yorùbá ìlú yìí. Àwọn òfin tí Côte d'Ivoire ṣe ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 1964 sọ pé ìgbéyàwó tí ìjọba mọ̀ ni èyí tí a so níwájú òṣìṣẹ́ ìjọba ní mairie, ìyẹn ilé iṣẹ́ ìjọba ìlú. Wọ́n fòfin de fífẹ́ ju aya kan lọ, wọ́n sì pa owó orí ìyàwó rẹ́ nínú ìwé òfin. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó wà níhìn-ín ni ìdánà ti so pọ̀, pẹ̀lú orógbó, obì, oyin àti owó orí, lábẹ́ ojú ẹbí méjèèjì, tí wọn kò sì dé mairie rárá. Nígbà tí irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ bá tú ká, kò sí kóòtù kan nílùú yìí tí yóò ka ìtúká rẹ̀ sí ìkọ̀sílẹ̀. Ní Nàìjíríà, kóòtù ìbílẹ̀ máa ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, òfin ọdún 1970 lórí ìgbéyàwó tí a ṣe ní ọ̀nà ìjọba sì pàṣẹ pé ire ọmọ ni kí adájọ́ fi ṣíwájú. Bẹ́ẹ̀ ni orílẹ̀-èdè méjèèjì fi òǹtẹ̀ lu àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé ní ọdún 1991, àdéhùn tó sọ pé ọmọ tó bá ti lè ní èrò tirẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́ lórí ohun tó bá kàn án. Ẹ̀tọ́ náà dára lórí ìwé. Ìpàdé ẹbí tó wáyé nínú yàrá kan ní àdúgbò Koko tàbí Dar-es-Salam kò ní akọ̀wé, kò sì sí ẹni tó kọ ohun tí ọmọ sọ sílẹ̀, torí pé ẹnikẹ́ni kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibí yìí ni ìwé ìtàn ti wúlò. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí gbà pé ìtàn ìdàgbà ni ìpàdé kan ṣoṣo tí a ti ń pe ọmọ náà wọlé láti wá jẹ́rìí, ó sì tún gbà, èyí tó ṣòro jù láti gbà, pé ìwé tó dára jù nínú irú rẹ̀ ni èyí tó jẹ́ kí ẹlẹ́rìí náà ṣìnà ná.

Ẹniìtàn, ọmọ Ìkòyí

Àpẹẹrẹ tó súnmọ́ Yorùbá jù lọ ni ìwé Sefi Atta, *Everything Good Will Come*, tó jáde ní ọdún 2005, tó sì gba ẹ̀bùn lítíréṣọ̀ Wole Soyinka fún ilẹ̀ Áfíríkà nígbà tí a kọ́kọ́ fi ẹ̀bùn náà lọ́lẹ̀ ní ọdún 2006. Èkó ni a bí òǹkọ̀wé náà sí ní ọdún 1964, ilé ẹ̀kọ́ Queen's College ló lọ kí ó tó kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ ìṣirò owó ló sì kọ́kọ́ kọ́ kí ó tó di òǹkọ̀wé. Ọmọbìnrin tó ń sọ ìtàn náà ń jẹ́ Ẹniìtàn Táíwò, orúkọ tí etí Yorùbá kò ní gbọ́ kí ó má fura, nítorí pé ẹni tí a ó máa pìtàn rẹ̀ ni, ó sì tún jẹ́ ẹni tó ń pìtàn. Ìwé náà bẹ̀rẹ̀ ní 1971 nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, nínú ilé kan ní Ìkòyí tó kọjú sí ọ̀sà. Lẹ́yìn náà ó fò dé 1975, ó dé 1985, ó sì parí ní àárín ọdún 1990 sí 1999, ìgbà tí ìjọba ológun ń ti àwọn ènìyàn mọ́lé láìsí ẹjọ́, títí kan bàbá rẹ̀.

Bàbá Ẹniìtàn jẹ́ agbẹjọ́rò. Ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ó ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àgbà ni, ó sì fẹ́ kí ó kàwé kí ó má gbára lé ọkọ kankan. Ìyá rẹ̀ ti sin ọmọkùnrin kan tí àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde pa, àdánù náà sì ti gbé e wọ inú ìjọ aláṣọ funfun, níbi tó ti ń wá ohun tí ilé ìwòsàn kò lè fún un. Ní ọwọ́ ìyá ni omi ìyàsímímọ́, ààwẹ̀ àti ìbáwí wà. Ní ọwọ́ bàbá ni ẹ̀rín wà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá wo ni kò ní yan bàbá? Ẹniìtàn yàn án, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó ń ka ìwé náà yóò ṣe yàn án, nítorí pé ojú Ẹniìtàn nìkan ni òǹkàwé ní láti fi wo ilé náà. Nígbà tí òbí méjèèjì bá pínyà, ó dà bíi pé ó yé wa ẹni tó jẹ̀bi.

Ẹniìtàn lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó kàwé òfin, ó sì padà sí Èkó ní àkókò tí ojú rẹ̀ ti là. Ó wá rí i pé òun ní ọbàkan, ìyẹn ọmọ bàbá ẹni tí ìyá mìíràn bí, ọmọkùnrin kan tí bàbá rẹ̀ ti bí síta tí kò sì sọ fún un. Ó rí i pé ọ̀rọ̀ lórí ẹni tó ni ilé tí ìyá rẹ̀ ń gbé ṣì wà nílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì, àti pé agbẹjọ́rò tó ń gbèjà àwọn ẹlòmíràn lóde kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe ẹ̀tọ́ fún ìyàwó tó kọ̀ sílẹ̀. Ìyá tó ti kà sí oníjàngbọ̀n láti èwe bẹ̀rẹ̀ sí í di obìnrin kan tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, tí ọkọ rẹ̀ sì dá nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀fọ̀ náà. Yorùbá sọ pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ohun tí Sefi Atta ṣe, tó sì mú kí ìwé rẹ̀ ga ju ìwé ìbánikẹ́dùn lásán lọ, ni pé ó jẹ́ kí òǹkàwé fúnra rẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan, kí ó dá a, kí ó tó wá fi ẹnìkejì hàn án. Ìtìjú tó bá òǹkàwé nígbà náà, òun gan-an ni ìtìjú tó ń mú ọmọ dàgbà. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Gbogbo ìtàn ìdàgbà ló wà láàárín ìwò méjèèjì yìí, òǹkọ̀wé tí kò bá sì jẹ́ kí ọmọ inú ìwé rẹ̀ wo ẹ̀yìn kò tíì kọ ọ́ tán.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ìwé náà wá sọ bàbá di ẹni búburú. Nígbà tí ìjọba ológun gbé bàbá náà, ìfẹ́ tí Ẹniìtàn ní sí i kò dín kù. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ó ti wá ń fẹ́ ènìyàn tó mọ àléébù rẹ̀. Ẹniìtàn alára wá kúrò nílé ọkọ rẹ̀, Níyì, ọkùnrin tó ti fẹ́ aya kan rí tí wọ́n ti kọ ara wọn sílẹ̀, tó sì ní ọmọkùnrin kan tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ lókè òkun. Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ọmọkùnrin yìí. Nínú ìwé tó fi gbogbo ara gbọ́ ọmọ kan, òun kò rí àyè sọ nǹkan kan. Ọ̀dọ̀ àwọn àgbà nìkan ni a ti ń gbúròó rẹ̀. Ìwé kan kò lè gba gbogbo ọmọ, òun ló fi yẹ kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ pọ̀.

Àwọn mìíràn tó ti sọ̀rọ̀

Ní ọdún 1897 ni Henry James, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ *What Maisie Knew* jáde, níbi tí kóòtù ti pín ọmọbìnrin kékeré kan sí méjì, oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ bàbá, oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ ìyá. Àwọn òbí náà ń fi ọmọ rán èébú sí ara wọn, títí Maisie fi pinnu pé òun yóò máa ṣe bí ẹni tí kò gbọ́n, kí òun má baà rí èébú gbé lọ mọ́. Olùkọ́ tó bá wà ní ìjókòó yìí mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀: òun ni wọ́n ń yìn pé ó mọ bí a ṣe ń dákẹ́, pé wàhálà ilé kò ràn án, nígbà tí ó jẹ́ pé ìdákẹ́ náà gan-an ni wàhálà rẹ̀.

Nítòsí ilé, Mariama Bâ ti Senegal kọ *Une si longue lettre* ní ọdún 1979, ó sì gba ẹ̀bùn Noma lórí rẹ̀ ní ọdún 1980. Ìyá ló ń kọ lẹ́tà náà, àmọ́ ẹni tó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ ìlú yìí fojú sí ni Daba, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ níléèwé di ìyàwó bàbá rẹ̀. Daba kò bẹ ìyá rẹ̀ kí ó fara dà á nítorí ọmọ. Ó ní kí ó jáde. Gbólóhùn tí àwọn àgbà máa ń sọ, pé nítorí àwọn ọmọ ni àwọn kò ṣe kọ ara wọn, kò rí ẹ̀rí lẹ́nu Daba, bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀ kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Òǹkọ̀wé náà fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ pẹ̀lú èrò wọn, kò sì sọ ọ̀kan di òmùgọ̀.

Ní Côte d'Ivoire gan-an, Marguerite Abouet, tí a bí ní Abidjan ní ọdún 1971, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ *Aya de Yopougon* jáde ní ọdún 2005, Clément Oubrerie sì ya àwòrán rẹ̀. Aya fẹ́ di dókítà. Ó sì wá ṣẹlẹ̀ pé bàbá rẹ̀, Ignace, ní obìnrin mìíràn tó ti bí ọmọ méjì fún un. Ìwé aláwòrán tó kún fún ẹ̀rín ni, ẹ̀rín náà kò sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn rí i pé ọmọ náà ti di àgbà ilé ní ọjọ́ tí bàbá kò lè jẹ́ àgbà mọ́.

Ìwé tí kò tíì sí

Ẹniìtàn ní bàbá agbẹjọ́rò àti ọkọ̀ òfurufú sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Yorùbá tí ìkọ̀sílẹ̀ bá ní Bouaké, bọ́ọ̀sì ni tirẹ̀. Ọmọ yìí ń sọ Faransé níléèwé, ó ń fi Dioula ná ọjà, ó ń fi Yorùbá kí àgbà ilé, ó sì lè gbọ́ Baoulé, èdè àwọn onílẹ̀ ìlú yìí, lẹ́nu aládùúgbò. Nígbà tí ilé bá tú ká, ẹbí bàbá a rántí pé bàbá ló lọmọ, ìpinnu a sì wáyé nínú ìpàdé tí a kò pè é sí pé kí ó lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Èjìgbò. Yóò gba Ghana, Tógò àti Bìnì kọjá, yóò sì dé ibi tí wọ́n ń kàwé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó ti ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò BEPC yóò bá ara rẹ̀ nínú kíláàsì pẹ̀lú àwọn tó kéré sí i, kì í ṣe pé kò gbọ́n, èdè ló sọ ọ́ di ọmọ kékeré padà. Ìyá rẹ̀ ṣì wà nídìí ọjà ní Bouaké. Fóònù ni wọ́n ń fi rí ara wọn.

Èjìgbò kò ṣàjèjì sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ènìyàn lè gbọ́ Faransé ní àárín ìlú náà láàárọ̀, àwọn ará ibẹ̀ sì mọ owó CFA bí ẹní mọ náírà. Èyí tó jẹ́ ọrọ̀ fún òǹkọ̀wé níbẹ̀ ni pé ọmọ náà yóò bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdé, tí wọ́n á máa fi Faransé sọ ohun tí wọn kò fẹ́ kí ìyá àgbà gbọ́. Èwo nínú èdè mẹ́rin rẹ̀ ni ó fi ń sunkún? Èwo ni yóò fi dárí ji àwọn òbí rẹ̀, tí yóò bá dárí jì wọ́n? Ìbéèrè tí òǹkọ̀wé ìtàn ìdàgbà lè fi odindi ìwé dáhùn nìyẹn.

Ìlú Bouaké tún ní ìpínyà tirẹ̀. Láti ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 2002 tí ogun bẹ́, títí di ọdún 2011, ìlú yìí wà lábẹ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀, ó sì yà sọ́tọ̀ kúrò lábẹ́ ìjọba tó wà ní Abidjan. Àwọn ìdílé wà tí ọ̀kan nínú òbí dúró ti ọjà, tí èkejì sì kó ọmọ sá lọ sí Abidjan tàbí sí Nàìjíríà, ìpínyà tí wọ́n pè ní ti oṣù díẹ̀ sì di ti ọdún púpọ̀. Ó ṣòro fún ọmọ tó dàgbà nírú ilé bẹ́ẹ̀ láti mọ̀ bóyá ogun ló kọ bàbá àti ìyá òun sílẹ̀ ni tàbí àwọn fúnra wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ti ju ogún ọdún lọ báyìí, àwọn ni ọwọ́ wọn tó kálámù jù.

Èdè Yorùbá kò ṣaláìní ohun èlò fún iṣẹ́ náà. Nígbà tí I. B. Thomas gbé ìtàn Sẹ̀gilọlá jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó ní 1929 sí 1930, ohùn ẹnìkan tó ń wo ẹ̀yìn tó sì ń jẹ́wọ́ ló fi kọ ọ́; *Ogún Ọmọdé* tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní ọdún 1990 sì ti fi hàn pé Yorùbá ọmọdé, pẹ̀lú eré àti ẹ̀rù rẹ̀, lè gbé odindi ìwé. Kí ẹni tó bá fẹ́ kọ tirẹ̀ ṣọ́ra fún ọ̀nà méjì tí fíìmù àgbéléwò ti là sílẹ̀: kí ó má sọ ìyàwó tuntun bàbá di àjẹ́, kí ó má sì fi ọ̀ràn ọmọ so àwọn òbí pọ̀ padà ní ojú ewé tó gbẹ̀yìn. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ìwé tó bá sì parọ́ lórí èyí, ọmọ tó wà lẹ́yìn fèrèsé yóò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ó sọ ọmọ náà di ọlọ́gbọ́n tó mọ gbogbo nǹkan. Kí ó jẹ́ kí ọmọ náà bínú sí ẹni tí kò yẹ, kí ó jẹ́ kí ó ya fọ́tò ìyá sọ́tọ̀ kúrò lára ti bàbá, kí ó sì jẹ́ kí ó wá fọ́tò náà padà fúnra rẹ̀ nígbà tí ó bá tó àsìkò.

Nínú ilé ẹ̀kọ́, ó ṣeé ṣe kí olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ láìná owó: kí ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ ojú ewé méjì nípa ọjọ́ kan nínú ilé kan, ní èdè tó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn, kí ó sì má béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá òótọ́ ni tàbí àròsọ. Àròsọ ni aṣọ tí ọmọ lè wọ̀ wọ inú ìpàdé tí a kò pè é sí.